Ojú Ipa Táńkì

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màmá kan nínú ìjọ wa ní kí n bá òun bi Ṣójà: ṣé àìgbọràn ló pa ọmọ òun?

Inú bọ́ọ̀sì la wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, à ń ti Rush Green bọ̀ sí Barking. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní Rush Green. A ti jọ wà nínú ìjọ kan náà fún ọdún mẹ́jọ, ìjọ aláṣọ funfun tó ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Creekmouth, láàárín ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti ibi tí wọ́n ti ń ta táìlì. Èmi ni mo ń ṣe ìwé ìròyìn kékeré tí àwọn Yorùbá agbègbè wa ń kà. Láti Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ oníròyìn bọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi nínú ìjọ náà. "Oníròyìn" ni gbogbo wọn ń pè mí.

"Oníròyìn, wá jókòó síbí," ó ní, ó sì gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí àga. "Ṣebí iṣẹ́ rẹ ni kí o máa bi èèyàn ní nǹkan?"

"Iṣẹ́ mi ni, Mà."

"Ó dáa. Bá mi bi Ṣójà. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi fúnra mi ti bi í lẹ́ẹ̀kan, ó sá fún mi bí ẹni tó rí ejò."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí, Mà?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ sílé, sí Ìjẹ̀bú. Mi ò ní padà wá mọ́. Mo fẹ́ mọ irú ọmọ tí mo bí kí n tó kúrò nílẹ̀ yìí."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ránni lọ ra tòmátì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí fèrèsé títí a fi dé Barking.

Gbogbo ìjọ ló mọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà, tàbí kí n sọ pé gbogbo wa rò pé a mọ̀ ọ́n. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ó wọ iṣẹ́ ológun ilẹ̀ yìí, wọ́n fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹnjiníà, àwọn tó ń la ọ̀nà, tó ń tẹ́ afárá, tó ń hú bọ́ǹbù kúrò nínú ilẹ̀ kí àwọn yòókù tó kọjá. Afganístánì ló kú sí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé, àwọn ológun kọ̀wé pé kí ìyá wá, pé ọ̀gá kan máa wà níbẹ̀ tó máa ṣàlàyé fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ní èèwọ̀. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í dé ibojì ọmọ. Àbúrò bàbá ọmọ náà àti àgbà mẹ́ta ló wọ kóòtù dúdú lọ. Ìyá jókòó sílé láàárín àwọn obìnrin, wọ́n ń kọrin sí i létí kí ó má bàa ronú.

Mo bá ọ̀kan nínú àwọn àgbà mẹ́ta yẹn sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dara pọ̀ mọ́ ìjọ. Mo bi í pé kí ni ọ̀gá ológun náà sọ. Ó ní, "Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwa ń mi orí ni. Ta ló fẹ́ dúró máa gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Wọn ò bèèrè nǹkan kan. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n mú bọ̀ wálé, èyí tó wà nínú lẹ́tà: pé ọmọ náà yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n ti là.

Wòlíì wa gba gbólóhùn yẹn, ó sì fi wàásù. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Wọ́n la ọ̀nà sílẹ̀ fún un!" yóò pariwo. "Wọ́n ní, máa gba ibí! Ó yà!" Gbogbo wa á sì dáhùn, "Ó yà!" Ọdọọdún la ń gbọ́ ọ, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìlà iwájú ni màmá máa ń jókòó sí, nínú aṣọ funfun rẹ̀ tó ti lọ̀ dán, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan. Èmi náà wà níbẹ̀. Èmi náà máa ń dáhùn pé, "Ó yà."

Ṣójà ni ẹnì kan ṣoṣo tí kì í dáhùn. Ó dara pọ̀ mọ́ wa lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá. Tí ìwàásù yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, á dìde, á jáde lọ dúró síta láìwọ bàtà. A mọ̀ pé òun àti ọmọ náà jọ wà lójú ogun. A tún gbọ́ pé òun ló wa táńkì tó la ọ̀nà yẹn gan-an. Yàtọ̀ sí màmá, kò sẹ́ni tó bi í. A ní ká fún un láyè.

Ọjọ́rú ni mo lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò jìnnà sí ilé ìjọsìn wa, ní Creekmouth níbẹ̀ náà, àgbàlá ńlá kan tí àwọn tírélà ti ń da ilẹ̀ àti àfọ́kù bíríkì sí. Katakátá ló ń wà, èyí tó ní apá gígùn tó ń bu ilẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ọmọ Ẹ̀gbá kan, ló kọ́kọ́ rí mi.

"Ṣójà! Oníròyìn dé o! Wọ́n fẹ́ gbé fọ́tò ẹ sójú ìwé kí wọ́n fi wá ìyàwó fún ẹ!"

"Sọ fún wọn kí wọ́n gbé tìẹ náà sí i," Ṣójà pariwo láti òkè. "Kí wọ́n fi wá irun fún ẹ!"

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ó sì mú mi lọ sínú yàrá onípákó tí wọ́n ti ń jẹun. Mi ò bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tí màmá rán mi. Iṣẹ́ ti kọ́ mi pé ọwọ́ ni kéèyàn kọ́kọ́ bèèrè, ohun tí ọwọ́ ń ṣe lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ yòókù á tẹ̀lé e. Mo ní kó sọ fún mi bí táńkì tó máa ń wà lójú ogun ṣe rí. Mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lé tábìlì. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, tiwa kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n tó ń yin àgbá. Kò sí àgbá lórí ẹ̀ rárá. Ìbọn kékeré kan ló wà lókè, ìyẹn ká lè fi gba ara wa. Eyín irin ló wà níwájú ẹ̀, ńláńlá, bí ohun tí wọ́n fi ń túlẹ̀ nínú oko. Ó ń wọnú ilẹ̀ lọ, ó ń hú bọ́ǹbù, ó ń tì í sọ́tùn-ún, ó ń tì í sósì. Ó ní apá lórí bí ti katakátá mi yìí. A tún lè di páìpù ní ìdì ràgàjì gbé sórí ẹ̀. Tí a bá dé ibi tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí, a ó jù ú sínú kòtò, àwọn ọkọ̀ á gun orí ẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé afárá ló gbé sórí. Ó máa ń ṣí i bí èèyàn ṣe ń ṣí ìwé, wẹ́rẹ́, ó ti tẹ́ ẹ sórí odò nìyẹn. Ife tíì yín ò tíì ní tutù tí ọkọ̀ á ti máa kọjá.

"Àwa kì í lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn tó fẹ́ lọ jà ń dúró lẹ́yìn, wọ́n ń wò wá. Àwa là ń kọ́kọ́ lọ. Tó bá yọrí sí rere, àwọn ló gba ìlú. Tó bá bàjẹ́, wọ́n á ní ọ̀nà ò dáa."

Mo bi í bóyá bọ́ǹbù máa ń bú mọ́ wọn.

"Ó máa ń bú dáadáa! Gbàù! Táńkì á fò sókè díẹ̀, eruku á gba gbogbo ojú. Mi ò kì í rí iwájú dáadáa tẹ́lẹ̀ náà, ńṣe ni mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ tí mo fi ń wà á. Ọ̀gá mi á bi mí nínú ẹ̀rọ etí pé, 'Ṣé o ṣì wà ńbẹ̀?' Mo máa ní, 'Mo wà, sà.' Á ní, 'Máa lọ nígbà náà.' Ìjíròrò wa láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í bí ọmọ náà ṣe rí, mi ò sì dárúkọ ìyá rẹ̀.

"Ọmọ dáadáa. Nínú gbogbo ibùdó yẹn, àwa méjì péré là ń sọ Yorùbá. Bọ̀dá ló ń pè mí. Màmá ẹ̀ fi gàrí Ìjẹ̀bú ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rọ kan wà nínú táńkì tó máa ń se omi, àwọn òyìnbó ń fi ṣe tíì. Àwa fi tiwa tẹ ẹ̀bà. Ọ̀gá mi yọjú, ó ní, 'Kí lẹ̀ ń jẹ yẹn, símẹ́ǹtì?' Ọmọ náà ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó ṣẹ́kù lára èyí tí a fi tún afárá ṣe.' Láàárọ̀, tó bá rí mi, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ìbọn àti ẹrù lẹ́yìn. Mo ní, 'Dìde jàre, wọ́n á rò pé ọta bà ẹ́.'"

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi.

"Ìyá ẹ̀ ló rán yín."

"Òun ni."

"Ẹ pa á."

Mo pa á. Ohun tó kù, inú orí ni mo gbé e sí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń padà lọ. Gbólóhùn rẹ̀ ni mo kọ, mi ò fi ti ara mi kún un.

Ó ní bọ́ǹbù tí wọ́n hú kò tíì kú, wọ́n kàn sún un ni. Ó wà nínú òkìtì ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún àti lósì, òkìtì yẹn sì máa ń ya padà wálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn táńkì, òfin kan ló wà fún un: ojú ipa tí ṣéènì táńkì ti tẹ̀ nìkan ni kó máa tọ̀. Ibi tí nǹkan tó wúwo tó ilé ti tẹ̀ tí kò bú, kò ní bú mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀.

"Àpótí kan wà lẹ́yìn táńkì," ó ní, "tó máa ń gún ọ̀pá àmì sílẹ̀ fúnra ẹ̀ bí a ṣe ń lọ, kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí ọ̀nà pin sí. Ó há lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wá ní kí àwọn èèyàn máa fẹsẹ̀ tẹ̀lé wa, kí wọ́n máa fi ọwọ́ gún ọ̀pá. Ọmọ yìí wà lára wọn. A dúró. Ọ̀gá mi ní kí n sọ̀kalẹ̀ lọ wo àpótí. Mo wò ó, mi ò ní irinṣẹ́ tó lè tú u. Ó ní kí n lọ mú un nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà lójú ipa ṣéènì. Òun náà ń bọ̀ lójú ipa kan náà, ó kó ọ̀pá lé èjìká. Ojú ipa yẹn ò gba èèyàn méjì."

Tírélà kan ń da ẹrù sílẹ̀ níta, ilẹ̀ yàrá náà ń gbọ̀n.

"Òfin ni pé ẹni tó ń padà sẹ́yìn ló máa fi ẹ̀yìn rìn kúrò fún ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Èmi ni. Ká ní òyìnbó ló ń bọ̀ yẹn, ì bá dúró síbẹ̀, ì bá pariwo mọ́ mi. Èmi ń gbìyànjú láti yíjú padà ni. Mi ò tíì yí i tán tó ti tẹrí ba. Ó ní, 'Ẹ kọjá, bọ̀dá.' Ó yà fún mi. Ẹsẹ̀ kan péré ló gbé sórí òkìtì yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ kan."

Mo bi í bóyá ọmọ náà sọ nǹkan kan lẹ́yìn náà. Irú ìbéèrè tí àwa oníròyìn máa ń bèèrè nìyẹn.

"Ó ní, 'Ẹ má bínú, bọ̀dá.'"

"Kí ló dé tí o kò fi sọ fún ìyá ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Ìgbà yẹn ló bínú sí mi. "Kí n sọ kí ni? Pé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọmọ ẹ̀ ló pa á? Tó bá rò pé olóríkunkun ni, ó lè bínú sí ọmọ náà, kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Tí mo bá sọ èyí, ta ló kù tó máa bínú sí?"

Ó dìde, ó dé fìlà irin rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ wá Wòlíì. Mo bá a ní ọjà East Street, níwájú oníèso kan, ó ń yan ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún tábìlì ìsìn. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, pé ọmọ náà kò rú òfin nítorí orí líle, àgbà ló bọ̀wọ̀ fún. Mo ní, tó bá ṣeé ṣe, kó fi ìwàásù yẹn sílẹ̀ kí màmá tó lọ, kó tilẹ̀ sọ gbólóhùn kan lọ́jọ́ Ìsinmi láti fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Oníròyìn," ó ní, ó ń tẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó nídìí wò, "ṣé ó yà, àbí kò yà?"

"Ó yà, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Ó ti tán. Ìwàásù kì í ṣe ìwé ìròyìn." Ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà sílẹ̀, ó mú òmíràn. "Kí o tún gbọ́ o. Má lọ sọ bí ọmọ ṣe kú fún ìyá ọmọ. Ṣé òyìnbó ni ẹ́ ni? Jẹ́ kí arúgbó lọ sílé láyọ̀."

Mo fẹ́ sọ pé kò tíì láyọ̀ láti ọdún tó ti lé ní mẹ́wàá. Mo bá a gbé àpò èso dé ibi mọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, mo lọ sí Rush Green. Àpótí ńlá mẹ́rin ló wà ní pálọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwọ̀n, ó ń kùn. "Mọ́mì, tíì tó kún báyìí, ṣé kò sí tíì ní Ìjẹ̀bú ni?"

"Kì í ṣe irú èyí. Fi sílẹ̀." Ó rí mi. "Oníròyìn, o dé. Kí ló wí?"

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àga ni mo kúnlẹ̀ sí. "Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, Mà. Ọmọ yín kò ṣàìgbọràn."

Ó mí kanlẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti fẹ́ dìde.

"Kí ló wá gbé e kúrò lójú ọ̀nà?"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bá àwọn èèyàn tó ń purọ́ fún mi sọ̀rọ̀, àwọn olóṣèlú, àwọn ọlọ́pàá, àwọn onílé. Mo mọ bí irọ́ tó dáa ṣe ń rí. Èyí tí mo pa lọ́jọ́ náà kò dáa rárá.

"Ilẹ̀ ló yọ̀ ọ́, Mà."

"Mo wo ilẹ̀ yẹn nínú tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́ fún gbogbo àkókò tó fi wà níbẹ̀," ó ní. "Eruku ni. Òkúta àti eruku. Òjò kì í rọ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ wo ló yọ̀ ọ́?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró tòun ti àpótí lọ́wọ́.

"Mú Ṣójà wá fún mi," ó ní. "Lọ́la. Tí kò bá wá, èmi á lọ bá a ní ibi tó ti ń kó ilẹ̀, màá sì dúró síwájú katakátá ẹ̀."

Ṣójà wá. Ọ̀sán Sátidé ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó fá irùngbọ̀n. Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ló ti na ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sì dìde. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ fún màmá pé òun àti ọmọ náà pàdé lójú ipa táńkì, níbi tí kò gba èèyàn méjì. Màmá jókòó sórí àpótí kan nítorí pé ẹrù ti gba àwọn àga. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ta ló kọ́kọ́ wà lójú ipa yẹn?" ó bi í. Ó dà bíi pé ó ti ro àwọn ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀.

"Òun ni, Mà. Èmi ni mo wá bá a níbẹ̀."

"Ṣé o ní kó yà?"

"Rárá, Mà. Èmi ló yẹ kí n padà sẹ́yìn."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní, 'Ẹ kọjá, bọ̀dá.'"

"Ṣé ó tẹrí ba?"

Ojú ilẹ̀ ni Ṣójà ti dáhùn. "Ó tẹrí ba, Mà."

Fíríìjì ń kùn nínú kíṣìnì. Lẹ́yìn náà màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í sì ṣe àwa ló ń bá sọ ọ́.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré. Bàbá àgbàlagbà kan fẹ́ wọlé. Kò yà. Mo gbá a létí níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní, 'Tí àgbà bá ń bọ̀, ìwọ ni kó o yà!' Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì."

"Mọ́mì, please," ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, "kì í ṣe ẹ̀bi yín."

"Dákẹ́. Mo ha sọ pé ẹ̀bi mi ni?" Ó yíjú sí Ṣójà. "Dìde."

Kò dìde.

"Mo ní kó o dìde! Mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn dọ̀bálẹ̀ síwájú mi mọ́. Dìde, kó o dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ bí èèyàn."

Ó dìde. Ó dúró sí àárín àwọn àpótí, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Màmá ní kí wọ́n fún un ní nǹkan jẹ. Ó jẹ díẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, màmá dìde. Àwọn obìnrin ìlà iwájú ti ń múra láti gbe orin, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó ń lọ sílé pátápátá gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Kò dá orin. Ó gba makirofóònù, ó dúró ṣánṣán.

"Ọmọ mi tí ẹ fi ń wàásù," ó ní, "kò ṣàìgbọràn. Àgbà ló ń bọ̀, ó yà fún un. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wàásù mọ́."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ "Halelúyà," kò parí rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn, Ṣójà wà níbẹ̀, ó jókòó, ó gbójú sílẹ̀. Màmá dá makirofóònù padà, ó jókòó. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, mo rò pé a ti gbọ́ ohun tó sọ.

Wòlíì dìde. Ojú rẹ̀ ń tàn. Ó jẹ́ oníwàásù, ó ti rí ọ̀rọ̀ tuntun.

"Ẹ̀yin ará!" ó ní. "Ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé! Ẹ gbọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbọ́! Lójú ikú, ó yà fún àgbà!"

"Ó yà!" ni ẹnì kan dáhùn láti àárín.

"Mo ní, ó ṣe kí ni?"

"Ó yà!" Gbogbo ilé gbà á. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wòlíì ní kí gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ dìde kí wọ́n wo Màmá wa dáadáa, kí wọ́n lọ kọ́ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde. Àwọn mìíràn ń na ọwọ́ sí i, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Mo wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì, àga Ṣójà ti ṣófo.

Màmá dìde láàárín ariwo yẹn, ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó jáde. Mo tẹ̀lé e. Mo bá a ní ibùdókọ̀, ó jókòó sábẹ́ òrùlé gíláàsì nínú aṣọ ìsìn rẹ̀, àwọn tírélà ń kọjá níwájú rẹ̀. A ṣì ń gbọ́ ìlù àti àtẹ́wọ́ láti inú ilé ìkẹ́rù náà.

Mo bi í bóyá ó sàn fún un báyìí tó ti mọ̀ ọ́n.

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?" ó ní.

"Ẹ má bínú, Mà."

"Ìwọ náà ń bẹ̀ mí." Ó nu imú. "Ọdún mélòó ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kó dárí àìgbọràn jì í? Kò ṣẹ̀ mí. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ká ní ó ní orí líle díẹ̀ ni, ká ní ó jọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń bá gbogbo ayé jà, ì bá dúró sójú ipa ẹ̀, kí àgbàlagbà yẹn fi ẹ̀yìn rìn padà síbi tó ti ń bọ̀. Ì bá wà níhìn-ín. Ì bá wà níhìn-ín, kó máa yájú sí mi."

Bọ́ọ̀sì dé. Mo na ọwọ́ láti dì í mú gun àtẹ̀gùn, ó gbọn ọwọ́ mi dànù, òun fúnra rẹ̀ ló gùn ún.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ṣójà kò wá sí ìjọ mọ́. Mo máa ń rí katakátá rẹ̀ láti ojú ọ̀nà tí mo bá ń lọ, ó ń kó ilẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Mi ò yà síbẹ̀. Wòlíì ti wàásù ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà yẹn. Ó ti fi ìbọn kún un, ó ti fi àdúrà kún un, ó ní ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ń ti ìjọ mìíràn wá gbọ́ ọ.